Táàbù: bí ọ̀rọ̀ ṣe ń tò gún régé lójú ìwé

Bọ́tìnnì Tab wà lápá òsì kíbọ́ọ̀dù, lókè Caps Lock. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti gbé ọ̀rọ̀ fò lọ sí ibi ìdúró tó kàn lójú ìlà. Orí táípúráítà ló ti wá, níbi tí àwọn akọ̀wé ti ń fi í to owó kí òǹkà lè wà lábẹ́ ara wọn. (Ẹ kíyè sí ọ̀rọ̀-ìṣe náà, tò: a máa ń to àga, a máa ń to igi, a sì máa ń to orúkọ.)

Ẹ jẹ́ ká mú ètò ìsìnkú ìyá àgbà ṣe àpẹẹrẹ, nítorí ẹ̀yin ọmọ tó mọ kọ̀ǹpútà ni wọ́n sábà máa ń gbé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ fún. Iṣẹ́ wà lósì, orúkọ ẹni tí yóò ṣe é wà lọ́tún. Ọ̀pọ̀ èèyàn á máa tẹ spacebar léraléra títí orúkọ á fi débi tí wọ́n fẹ́. Lójú kọ̀ǹpútà yín, ó lè gún. Bó bá dé orí kọ̀ǹpútà ẹlòmíì, gbogbo rẹ̀ lè wọ́. Orúkọ Olóyè á bọ́ sí ìlà kejì, á wá dà bíi pé òun ni yóò kó àwọn akọrin jáde. Àwọn àgbà kì í fi irú èyí ṣeré.

Ohun tó fà á ni pé lẹ́tà kò fẹ̀ bákan náà: m fẹ̀, i tín-ín-rín. Ti Yorùbá tún le sí i. Ẹ ní àyè tirẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n ẹ́ kò ní. Ńṣe ni a ń gbé àmì ohùn lé e lórí. Bí fọ́ǹtì kan kò bá lè ṣe é, kọ̀ǹpútà á yá lẹ́tà náà lára fọ́ǹtì míì, ìwọ̀n á sì yí padà. Táàbù kò bìkítà fún èyí, nítorí láti etí ìwé ló ti ń wọn àyè.

Nínú Microsoft Word, ẹ ṣí View, kí ẹ sì mú Ruler. Ẹ kọ́kọ́ yan gbogbo ìlà ètò náà, torí ìpínrọ̀ tí ẹ bá yàn nìkan ni ibi ìdúró ń mọ́. Ẹ tẹ àpótí kékeré tó wà ní ìbẹ̀rẹ̀ rúlà títí táàbù ọ̀tún á fi yọ, kí ẹ wá tẹ rúlà ní ìǹṣì 6. Ẹ pa gbogbo àyè tó wà láàárín iṣẹ́ àti orúkọ rẹ́, kí ẹ tẹ Tab lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bí ẹ bá fẹ́ kí àmì ìdánudúró so méjèèjì pọ̀, ẹ tẹ àmì táàbù náà lẹ́ẹ̀mejì kíákíá, kí ẹ yan 2 lábẹ́ Leader.

Bí ẹ kò bá gbé ibi ìdúró kankan kalẹ̀, ìdajì ìǹṣì ni Word máa ń fò lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá wá tẹ Tab lẹ́ẹ̀mẹfà kò yàtọ̀ sí ẹni tó ń tẹ spacebar.

Fún owó aṣọ ẹbí, táàbù Decimal ló dára jù: á to £7.50 àti £125.00 kí àmì tó ya pọ́n-ùn kúrò lára pẹ́nì bọ́ sórí ìlà kan náà. Ẹ lè fa èyí tí ẹ kò fẹ́ kúrò lórí rúlà.

Àmọ́ bí ẹ bá ń kọ àkójọ ọ̀rọ̀ tí ìtumọ̀ rẹ̀ gùn ju ìlà kan lọ, ẹ fi táàbù sílẹ̀, kí ẹ lo tébùlù.