Yàrá Púpọ̀ Lábẹ́ Òrùlé Kan

Tí ẹ bá ní kí n fi Yorùbá ṣàlàyé bí ẹnì kan ṣe ń fi sáfà mẹ́ta péré gba ogún wẹ́ẹ̀bù sílé, Ìsàlẹ̀ Èkó ni màá kó yín lọ. Ẹ wọ agbo ilé ńlá èyíkéyìí létí Ìgà Ìdúngánrán: ẹnu ọ̀nà kan, kànga kan, àgbàlá kan, àmọ́ yàrá pọ̀, kálukú ló sì ń ti ilẹ̀kùn tirẹ̀. Yàrá ni èmi ń pe ohun tí wọ́n ń pè ní virtual machine. Sọ́fítíwíà tó jẹ́ baálé ibẹ̀, ìyẹn hypervisor, ló ń pín àyè fún yàrá kọ̀ọ̀kan, tí yàrá kọ̀ọ̀kan á sì máa rò pé òun nìkan ló ni ilé.

Kì í ṣe nǹkan àná o. IBM ti ń ṣe é ní àwọn ọdún 1960, torí kọ̀ǹpútà wọ́n gógó nígbà yẹn, ọ̀pọ̀ èèyàn ló ní láti jọ lo ẹyọ kan. VMware dé ní 1998. Ní 2003, Xen jáde láti Yunifásítì Cambridge, ọ̀fẹ́ sì ni. Ẹni tí owó rẹ̀ ò tó nǹkan náà wá di onílé. Ìjà ibẹ̀ ò yàtọ̀ sí ti àgbàlá: ayálégbé kan á fa kànga gbẹ, wẹ́ẹ̀bù àwọn yòókù á máa wọ́ bí ìgbín. Ìdí nìyẹn tí baálé fi ń wọn omi fún kálukú.

Àmọ́ ilẹ̀kùn ò gba yàrá lọ́wọ́ iná. Wáyà abẹ́ òkun ti so Èkó mọ́ London láti 1886. Ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn náà, ilé gogoro NET, iléeṣẹ́ tó ń bójú tó ìbánisọ̀rọ̀ Nàìjíríà pẹ̀lú òkè òkun, ló dúró ní Màrínà. Iná jó o ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1983. Ariwo gba ìgboro pé ṣe ni wọ́n fẹ́ fi iná bo owó tí wọ́n kó jẹ mọ́lẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì tú síta. Lójú tèmi, ọ̀rọ̀ owó yẹn tóbi, ṣùgbọ́n pé gbogbo ẹrù wà lábẹ́ òrùlé kan tún burú.

Ẹ má wá sọ pé ká kó gbogbo rẹ̀ lọ sí ìlú òyìnbó. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2024, wáyà abẹ́ òkun mẹ́rin bàjẹ́ nítòsí Abidjan: WACS, MainOne, ACE àti SAT-3. Àwọn báńkì wa kan ń ta gìrìgìrì. Wẹ́ẹ̀bù tó wà l'Ékòó, tó sì ń gba IXPN, ibi tí àwọn iléeṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì wa ti ń pàdé láti 2006, kò nílò òkun láti dé ọ̀dọ̀ oníbàárà ní Ìdúmọ̀tà.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn mí. Ohùn àwọn àgbà Ìsàlẹ̀ Èkó tí mo gbà sílẹ̀ wà nínú irú yàrá bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ti sùn, a ò lè padà lọ bi wọ́n. Ẹ̀dà kejì tó bá wà nínú yàrá kejì lórí sáfà kan náà, ẹ̀tàn ni. Mo ní kí wọ́n gbé ọ̀kan sórí sáfà mìíràn, ọ̀kan sí Ìbàdàn, ọ̀kan sí òkè òkun, kí wọ́n sì máa ṣí wọn lóṣooṣù, kí wọ́n gbọ́ bóyá ohùn ṣì ń jáde.