Ìtàn Àwọn Òṣùwọ̀n Ìki Àpòpọ̀ Olómi àti Bí a Ṣe Ń Yí Ọ̀kan sí Èkejì

Àwọn ìwé kẹ́mísírì kò fẹnu kò lórí bí a ṣe ń ka ìki àpòpọ̀ olómi, èyíinì ni iye ohun tí a yọ́, bíi iyọ̀ tàbí ásíìdì, tí ó wà nínú omi tí a fi yọ́ ọ. Ìwé kan lè pe ásíìdì haidrokilóríìkì kan ní dígírì 20 ti Baumé, kí òmíràn pè é ní ìdá 31.45 nínú ọgọ́rùn-ún, kí ẹ̀kẹta ní móòlù 10 ló wà nínú lítà rẹ̀ kan, kí ẹ̀kẹrin sì kọ móòlù 12.6 fún kílò omi kan, bẹ́ẹ̀ ásíìdì kan náà ni gbogbo wọn ń sọ. Oníṣòwò, apòògùn àti onímọ̀ ló ṣẹ̀dá àwọn òṣùwọ̀n wọ̀nyí, kálukú ní àkókò tirẹ̀ àti fún iṣẹ́ tirẹ̀, ìdí nìyí tí àlàyé wọn fi fọ́n káàkiri.

Láyé àtijọ́, ẹyin ni àwọn tí ń se ọṣẹ ní Yúróòpù máa ń sọ sínú omi eérú: bí ẹyin bá léfòó, omi náà ti ki tó. Antoine Baumé, apòògùn ará Faransé, ló sọ irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ di òṣùwọ̀n ní 1768, nígbà tí ó fa ìlà sára ọ̀pá gíláàsì tí ń léfòó lóòró, tí ó sì ń rì sí i bí olómi bá ṣe fúyẹ́ tó. Fún olómi tí ó wúwo ju omi lọ, ó fi òdo sí ibi tí ọ̀pá náà rì dé nínú omi lásán, ó sì fi 15 sí ibi tí ó rì dé nínú omi tí ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún ìwúwo rẹ̀ jẹ́ iyọ̀. Fún olómi tí ó fúyẹ́ ju omi lọ, ó yí ètò náà padà, ó fi òdo sí omi oníyọ̀ ìdá 10, ó sì fi 10 sí omi lásán. Omi lásán wá di òdo lórí ọ̀pá kan, ó di 10 lórí èkejì, èyí tí kò bójú mu rárá. Àwọn tí ó ṣe irú ọ̀pá yìí lẹ́yìn rẹ̀ kò tẹ̀ lé ìlànà kan náà, débi pé nígbà tí onímọ̀ kẹ́mísírì C. F. Chandler ṣa àwọn àtẹ Baumé jọ ní Amẹ́ríkà ní 1881, oríṣi tí ó rí fún olómi wíwúwo nìkan ju ogún lọ. Èyí tí ó fìdí múlẹ̀ ní Amẹ́ríkà ni pé kí a yọ iye dígírì kúrò nínú 145, kí a sì fi ohun tí ó kù pín 145, láti mọ ìwúwo olómi náà bí a bá fi wé omi tí ó gba àyè kan náà. Ní Yúróòpù, nǹkan bí 144.3 ni wọ́n ń lò. Ásíìdì sọ́fúríìkì oní-dígírì 66 yóò tipa bẹ́ẹ̀ jẹ́ 1.835 ní Amẹ́ríkà, kí ó jẹ́ 1.843 ní Yúróòpù, nítorí náà ẹni tí ó bá rí dígírì Baumé nínú ìwé àtijọ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ilẹ̀ tí ìwé náà ti wá.

Ní ti ọtí, onímọ̀ ará Faransé Joseph Louis Gay-Lussac ṣe ọ̀pá tirẹ̀ ní 1824 láti ka ìdá àyè tí ọtí gbà nínú ọgọ́rùn-ún, ní ìgbóná dígírì 15 Sẹ́síọ̀sì.

Iṣẹ́ aṣọ ló bí ọ̀nà tí ó tẹ̀ lé e. François Descroizilles, onímọ̀ kẹ́mísírì ní ìlú Rouen ní Faransé, fi omi aró dán omi kilorín tí wọ́n fi ń sọ aṣọ di funfun wò, tí bí aró ṣe ń ṣí ṣe ń fi agbára omi náà hàn. Láti inú irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ ni ìwé Friedrich Mohr ti jáde ní Jámánì ní 1855, èyí tí ó gbé omi nọ́máàlì kalẹ̀: omi tí lítà rẹ̀ kan ní ìwọ̀n ìbáradọ́gba kan, ìyẹn gíráàmù ohun náà tí ó lè rọ́pò gíráàmù 1 haidirójìn nínú ìṣesí. Ọ̀pọ̀ ìwé ló fún Mohr ní ògo náà pátápátá. Ṣùgbọ́n Andrew Ure àti John Joseph Griffin ní Bìrìtéènì ti ń po omi àyẹ̀wò ní ìwọ̀n ìbáradọ́gba kí ìwé Mohr tó jáde. Ohun tí ó tọ́ láti sọ ni pé àwọn ni wọ́n ṣíwájú, Mohr ló sì tan ọ̀nà náà kálẹ̀. Lítà Mohr pàápàá kì í ṣe lítà òde òní, nítorí kílò omi kan tí a wọ̀n nínú afẹ́fẹ́ ní dígírì 17.5 ló fi ṣe é, ó sì fi nǹkan bíi mìlílítà 2 ju lítà gidi lọ.

Àbùkù nọmálítì, orúkọ tí òṣùwọ̀n yìí ń jẹ́, ni pé iye rẹ̀ ń tẹ̀ lé ìṣesí tí a fẹ́ lo omi náà fún. Pọtásíọ̀mù pẹ̀mángánéètì tí ó ní móòlù 0.1 nínú lítà kan jẹ́ nọ́máàlì 0.5 nínú ásíìdì, níbi tí ó ti ń gba ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù márùn-ún, ṣùgbọ́n 0.3 ni ó jẹ́ níbi tí ó bá ti ń gba mẹ́ta. Òṣùwọ̀n tí ìgò kan náà fi lè ní iye méjì kò yẹ fún àkọlé ìgò.

Onímọ̀ kẹ́mísírì Wilhelm Ostwald ló dá orúkọ móòlù sílẹ̀, fún iye ohun kan tí ìwúwo rẹ̀ ní gíráàmù bá ìwúwo mólékù rẹ̀ dọ́gba. Bóyá 1893 ni tàbí 1894 kò tó ohun tí à ń jà sí. Láti ìgbà náà ni molárítì, móòlù nínú lítà àpòpọ̀ kan, ti ń gba ipò nọmálítì. Àríyànjiyàn tí ó ṣe pàtàkì ni ti lítà àti kílò. Onímọ̀ kẹ́mísírì Jacobus van 't Hoff fi ìṣirò rẹ̀ ti 1887 lórí ìfúnpá ọ́símósísì, ìyẹn ìfúnpá tí ó ń wáyé bí omi ṣe ń gba awọ tín-ín-rín wọ inú àpòpọ̀, sórí àyè àpòpọ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí onímọ̀ kẹ́mísírì H. N. Morse wọn ìfúnpá omi ṣúgà ní Baltimore ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, ó rí i pé ìṣirò náà bá àyẹ̀wò mu jù bí a bá ka móòlù fún kílò omi tí a fi yọ́ ṣúgà. Èyí ni molálítì, tí ìwé àwọn onímọ̀ kẹ́mísírì Lewis àti Randall ti 1923 fi ẹsẹ̀ rẹ̀ múlẹ̀. Àǹfààní rẹ̀ hàn gbangba: olómi máa ń fẹ̀ bí ó bá gbóná, nítorí náà molárítì ń yí padà pẹ̀lú ojú ọjọ́, ṣùgbọ́n ìwúwo kì í yí padà.

Bí a bá fẹ́ yí òṣùwọ̀n kan sí èkejì, ohun tí ó yẹ kí a béèrè ni ohun tí a fi pín iye náà: àyè àpòpọ̀ ni, tàbí ìwúwo àpòpọ̀, tàbí ìwúwo omi nìkan. Ìwúwo lítà kan ló so wọ́n pọ̀. Nínú ásíìdì oní-dígírì 20 tí a kọ́kọ́ dárúkọ, 145 tí a fi 125 pín jẹ́ 1.16, nítorí náà lítà kan wúwo tó nǹkan bí gíráàmù 1,160, ìdá 31.45 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ jẹ́ gíráàmù 365, èyí tí a bá fi 36.46, ìwúwo móòlù kan, pín, yóò fún wa ní móòlù 10. Omi tí ó kù jẹ́ gíráàmù 795, bí a bá sì fi kílò 0.795 pín móòlù 10, molálítì jẹ́ 12.6.

Láti 1901 sí 1964, lítà tí òfin mọ̀ fi ìdá 28 nínú mílíọ̀nù kan ju dẹ́símítà onígun mẹ́ta lọ, ṣùgbọ́n kò sí búrẹ́ẹ̀tì, ọ̀pá gíláàsì tí a fi ń wọn olómi, tí ó lè fi ìyàtọ̀ náà hàn, kò sì yẹ kí ó da akẹ́kọ̀ọ́ tí ń kọ mol/dm³ nínú ìdánwò WAEC láàmú. Móòlù wọ inú àwọn òṣùwọ̀n àgbáyé ní 1971. Ní 2019 wọ́n so ó mọ́ iye 6.02214076 × 10²³, ìyẹn iye átọ́ọ̀mù tàbí mólékù tí ó wà nínú móòlù kan. Síbẹ̀, òṣùwọ̀n kò tíì di ọ̀kan: ilé ìwòsàn Amẹ́ríkà ṣì ń ka ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ní mìlígíráàmù fún dẹ́sílítà, ti Bìrìtéènì ń lo mìlímóòlù fún lítà, èsì oríṣi méjèèjì sì wà ní Nàìjíríà. Kí ẹni tí ó bá ń fi èsì kan wé òmíràn wo òṣùwọ̀n tí wọ́n kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, nítorí 126 ti àkọ́kọ́ àti 7.0 ti èkejì jẹ́ ọ̀kan náà: 18 ni a fi ń pín ti àkọ́kọ́ láti rí ti èkejì.