Kisumu: Ìlú Etí Adágún tí Ojú Irin Kọjá Lára Rẹ̀

Ní ọdún 1896, tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ ojú irin láti Èkó lọ sí Ìbàdàn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ òmíràn láti Mombasa, ní etí òkun ìlà-oòrùn Áfíríkà. Ti Èkó forí lé ìlú ńlá tí òkìkí rẹ̀ ti kàn tipẹ́. Ti Mombasa forí lé etí adágún Victoria, níbi tí àwọn Luo ti ń pẹja, tí wọ́n ń dáko, tí wọ́n sì ń pààrọ̀ oúnjẹ. Kisumu ni wọ́n ń pe ibẹ̀. Ìtàn rẹ̀ fi yé wa pé ojú irin lè sọ ibì kan di ìlú láìjẹ́ pé nítorí ará ìlú náà ni wọ́n ṣe é.

Kì í ṣe Kisumu gan-an ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń wá. Ùgáńdà ni ojú wọn wà, ní òdìkejì adágún, níbi tí odò Náìlì ti ń ṣàn jáde. Wọn kò sì fẹ́ kí àwọn ará Jámánì, tí wọ́n wà nítòsí, gbapò mọ́ wọn lọ́wọ́. Ète wọn ni pé kí reluwé gbé ẹrù dé etí omi, kí ọkọ̀ ojú omi sì gbà á níbẹ̀. Kí irin tó dé rárá, wọ́n ti ru ọkọ̀ William Mackinnon wá ní ègé-ègé. Kisumu ni wọ́n ti tò ó pọ̀, tí wọ́n sì gbé e sómi ní ọdún 1900. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1901, irin dé. Wọ́n wá fi orúkọ ìyàwó ẹnjiníà kan sọ ìlú ní Port Florence, bí ẹni pé kò lórúkọ tẹ́lẹ̀.

Ta ni ó jìyà iṣẹ́ náà? Àwọn òṣìṣẹ́ tí wọ́n kó wá láti Íńdíà lé ní 30,000. Nǹkan bí 2,500 nínú wọn ni ó kú. Àwọn Nandi, tí ojú irin gba ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀ wọn, jà fún ọdún mẹ́wàá. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1905, Richard Meinertzhagen yìnbọn pa aṣáájú wọn, Koitalel arap Samoei, níbi ìpàdé tí wọ́n pè ní ti àlàáfíà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n lé àwọn Nandi kúrò lórí ilẹ̀ tí ó sún mọ́ irin.

Lóòótọ́, Kisumu rí èrè jẹ. Òwú Ùgáńdà ń gba orí adágún wá síbẹ̀, àwọn oníṣòwò ará Íńdíà ṣí ìsọ̀, ọjà sì gbòòrò. Ṣùgbọ́n Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Wọ́n la ojú irin mìíràn láti Nakuru gba Eldoret, ó sì dé Kampala ní ọdún 1931. Ẹrù Ùgáńdà kò nílò ọkọ̀ ojú omi mọ́. Kisumu, tí ó jẹ́ òpin ìrìn àjò tẹ́lẹ̀, wá di ẹ̀ka lásán.

Orúkọ Port Florence ti parẹ́, ti Kisumu ni ó kù. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1921 ìlú náà pé ogún ọdún pẹ̀lú reluwé. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2021, lẹ́yìn ọdún púpọ̀ tí kò sí ọkọ̀ akérò, reluwé tún bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò láti Nairobi wá síbẹ̀. Nítorí náà, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, bí ẹ bá ka ìtàn ojú irin èyíkéyìí, ẹ má ṣe béèrè ọjọ́ tí ó dé nìkan. Ẹ béèrè ẹrù tí ó wá gbé, ẹni tí ó ni ín, àti ohun tí ó kù fún onílé nígbà tí ẹrù bá gba ibòmíràn.