Epo Wo Ni Kí A Fi Dín Àkàrà ní Chestermere?

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa, bí a bá fẹ́ se àsè, ọ̀rọ̀ epo ni ó máa ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀. Àwọn kan ní bọ́tà ni kí a fi ṣe kéèkì, àwọn kan ní àdí àgbọn ló dára jù, àwọn mìíràn kò sì fẹ́ gbọ́ orúkọ epo pupa mọ́ nítorí pé òyìnbó ní kò dára. Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ìtàn kí a tó dájọ́.

Ní oṣù keje, òdòdó aláwọ̀ ìyeyè a bo oko tí ó yí Chestermere àti Calgary ká. Kànólà ni. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ẹ̀rọ ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n ń fi epo baba ńlá rẹ̀ pa ní Kánádà, nítorí pé kì í tètè ṣí kúrò lára irin tí omi bá bà. Keith Downey àti Baldur Stefansson ni wọ́n fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣa irúgbìn rẹ̀ títí ó fi di jíjẹ. Ní 1978 ni ó gba orúkọ Canola.

Ẹ wo bí ó ti jọ ìtàn tiwa! Nígbà tí òwò ẹrú ń kú lọ, epo pupa ni àwọn oníṣòwò Liverpool wá ń rà ní etíkun wa. Wọn kò fi se ọbẹ̀ o. Ọṣẹ, àbẹ́là àti ìpara ẹ̀rọ ni wọ́n ń fi í ṣe. Òwò yìí wà lára ohun tí ó mú kí àwọn Gẹ̀ẹ́sì gba Èkó ní 1861. Ekùrọ́ tí àwọn ìyá wa ń fi ọwọ́ pa náà sì wá di màgaríìnì ní Yúróòpù.

Kánádà fòfin de màgaríìnì ní 1886. Yàtọ̀ sí ọdún díẹ̀ tí wọ́n tú u sílẹ̀ nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, òfin náà wà títí ilé-ẹjọ́ fi fagi lé e ní 1948. Wọ́n ní nítorí ìlera ni, ṣùgbọ́n èrè àwọn àgbẹ̀ onímàlúù ni ó wà ní ìdí rẹ̀. Ní àwọn ọdún 1980, àwọn oníṣòwò sóyà ní Amẹ́ríkà pariwo mọ́ epo pupa àti àdí àgbọn títí ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ fi yọ wọ́n kúrò nínú bisikíìtì. Kí ni wọ́n fi rọ́pò wọn? Òróró tí wọ́n fi gáàsì háídírójìn mú dì, èyí tí Kánádà fúnra rẹ̀ fòfin dè ní 2018 nítorí àrùn ọkàn.

Síbẹ̀, a kò ní torí ìyẹn parọ́. Irú ọ̀rá tí àwọn dókítà ń bẹ̀rù kó ju ìdá mẹ́jọ nínú mẹ́wàá àdí àgbọn lọ. Ó tó ìdajì epo pupa. Ti kànólà kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá. (Ní ilé wa, orí ni ọ̀pọ̀ ìyá fi ń pa àdí àgbọn, wọn kì í fi dín nǹkan.) Kànólà, tí kò wọ́n níhìn-ín, ni kí a máa fi dín àkàrà àti dòdò. Àdí àgbọn yẹ kéèkì ọjọ́ ọdún, nítorí pé ó máa ń dì bí ilé bá tutù, ó sì ṣeé pò mọ́ ìyẹ̀fun bíi bọ́tà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fi kànólà se ìkọ́kọrẹ́, kí ó má wulẹ̀ pè wá. Epo pupa ni tirẹ̀. Kí ẹ sáà má dà á bí omi.