Láti Orí Lẹ́tà Òjé Dé Orí Matplotlib: Ìtàn Àmì Ohùn àti Lẹ́tà Oníkọ́ Nínú Àwòrán Ìṣirò

Ìfáàrà

Ẹni tó bá ti yẹ iṣẹ́ àṣekágbá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀ka èdè Yorùbá wò rí yóò ti pàdé irú àwòrán tí à ń sọ yìí. Akẹ́kọ̀ọ́ ka iye ohun èlò tó wà lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ abúlé kan, ó fi kọ̀ǹpútà ya òpó ìṣirò, ó sì kọ ọ̀rọ̀ sábẹ́ òpó kọ̀ọ̀kan. Lábẹ́ ọ̀kan, "oko" ló jáde, láìsí àmì kankan. Ṣé ọkọ́ tí a fi ń ro ilẹ̀ ni, àbí ọkọ̀ tí ń kó ìkórè lọ sọ́jà, àbí oko gan-an? Nígbà mìíràn, àmì á jáde ṣùgbọ́n á fò sẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́tà, tàbí kí àpótí kékeré òfìfo jókòó sí ipò lẹ́tà náà. Ọ̀pọ̀ nínú àwa olùkọ́ a máa gé máàkì akẹ́kọ̀ọ́ nítorí èyí. Èrò inú bébà yìí ni pé irinṣẹ́ ló sábà máa ń jẹ̀bi, àti pé ìtàn ẹ̀bi náà ti bẹ̀rẹ̀ kí kọ̀ǹpútà tó dé.

Lẹ́tà òjé

Ní ọdún 1843 ni ìwé àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá tí Samuel Àjàyí Crowther ṣe jáde ní Lọ́ńdọ̀nù. Lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì ló wà nínú àpótí àwọn atẹ̀wé. Báwo ni wọn yóò ṣe ya e sọ́tọ̀ kúrò lára ẹ, tàbí s kúrò lára ṣ? Onímọ̀ èdè ará Jámánì náà, Richard Lepsius, tẹ ìlànà álífábẹ́ẹ̀tì tirẹ̀ jáde ní 1855, ìwé ìròyìn Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní 1859, ìjọ C.M.S. sì ṣe ìpàdé lórí àkọtọ́ ní Èkó ní 1875. Àwọn òpìtàn èdè sábà máa ń ka gbogbo èyí sí àríyànjiyàn àwọn ọ̀mọ̀wé. Lójú tiwa, ọ̀rọ̀ irinṣẹ́ náà wà níbẹ̀. Ẹni tó bá ní kí àmì wà lábẹ́ ẹ, ó di dandan kí ẹnì kan fi òjé rọ lẹ́tà náà, kí a sì wá àyè fún un nínú àpótí. Lẹ́tà tí kò sí nínú àpótí, atẹ̀wé kò lè tò ó.

Ìlú Zaria tí a wà yìí mọ ọ̀rọ̀ náà dáadáa. Ìbí ni ìwé ìròyìn Gaskiya Ta Fi Kwabo ti bẹ̀rẹ̀ ní 1939, tí Abubakar Imam jẹ́ olóòtú rẹ̀, ìbí náà ni wọ́n sì dá ilé iṣẹ́ Gaskiya Corporation sílẹ̀ sí ní 1945. Ìwé Hausa kò ṣeé tẹ̀ bó ti yẹ láìsí ɓ, ɗ àti ƙ, àwọn lẹ́tà oníkọ́ wọ̀nyí. Bí ìkọ́ bá bọ́ kúrò lára ƙasa, tó túmọ̀ sí ilẹ̀, ó di kasa, tó túmọ̀ sí kí nǹkan má ṣeé ṣe fún ènìyàn. Gaskiya rí i ṣe nítorí pé àwọn tó ń to lẹ́tà níbẹ̀, èdè tí wọ́n ń tẹ̀ ni wọ́n ń sọ nílé. Ojú wọn ló kọ́kọ́ máa ń rí i bí nǹkan bá bàjẹ́.

Táípúráítà dé, ó sì ba iṣẹ́ jẹ́ díẹ̀. Ti Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń tà, nítorí náà akọ̀wé á tẹ iṣẹ́ tán, òǹkọ̀wé á wá mú báírò, á máa fi ọwọ́ kán àmì sísàlẹ̀ àti sókè láti ojú ewé kìn-ín-ní títí dé ìparí. Ìwé Ayọ̀ Bámgbóṣé lórí àkọtọ́ Yorùbá jáde ní 1965, ìjọba sì fọwọ́ sí àkọtọ́ òde òní ní 1974, ṣùgbọ́n báírò náà ṣì wà lọ́wọ́. Ní àárín àwọn ọdún 1980, National Language Centre ṣètò álífábẹ́ẹ̀tì olẹ́tà 33 fún àwọn èdè Nàìjíríà, Hermann Zapf, ayàwòrán lẹ́tà ará Jámánì, sì bá wọn lọ́wọ́ sí yíya ìrísí àwọn lẹ́tà náà. Iṣẹ́ ńlá ni, kò kàn dé orí tábìlì àwọn akọ̀wé wa ni.

Nọ́ńbà fún lẹ́tà

Kọ̀ǹpútà kò mọ lẹ́tà, nọ́ńbà ló mọ̀. Láti 1991 ni ètò Unicode ti ń fún lẹ́tà gbogbo èdè ayé ní nọ́ńbà tirẹ̀. Ẹ àti ọ rí nọ́ńbà gbà, ṣùgbọ́n àárín àwọn lẹ́tà èdè Vietnam ni wọ́n wà, nítorí èdè náà ń lò wọ́n. (Àwọn ará Vietnam ṣe wá lóore láìmọ̀.) Àwọn lẹ́tà oníkọ́ ti Hausa náà ní tiwọn. Ṣùgbọ́n ẹ́, ẹ̀, ọ́ àti ọ̀ kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo. Níṣe ni a ń to ẹ àti àmì ohùn tẹ̀lé ara wọn, kí kọ̀ǹpútà tó gbé èkejì gun orí èkínní. Láti 2001 sì ni Unicode ti fìdí òfin múlẹ̀ pé irú àdàpọ̀ bẹ́ẹ̀ kò tún ní gba nọ́ńbà tuntun mọ́. Ọ̀nà mẹ́rin ni a lè gbà to ẹ́ kan ṣoṣo yìí, ojú kò sì lè mọ ìyàtọ̀. Bí ẹni méjì bá tẹ Ọ̀yọ́ ní ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nínú àtẹ kan, òpó méjì ni àwòrán náà lè yà fún ìlú kan.

Inú ilé iṣẹ́ Matplotlib

Matplotlib ni ọ̀kan nínú àwọn irinṣẹ́ tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń lò jù láti fi èdè Python ya àwòrán ìṣirò. John Hunter, ará Amẹ́ríkà tó ń ṣèwádìí nípa ọpọlọ àwọn alárùn wárápá, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ó gbé e jáde ní 2003, ó sì kú ní 2012. Kò tà á. Ó ṣí kóòdù rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni láti kà, láti lò àti láti tún ṣe, àwọn mìíràn sì ń bá iṣẹ́ náà lọ títí dòní.

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, bí Matplotlib ṣe ń kọ ọ̀rọ̀ kò yàtọ̀ sí ti atẹ̀wé olójé: á mú lẹ́tà kan láti inú fọ́ǹtì, á gbé e kalẹ̀, á sún síwájú, á mú òmíràn. Ìyẹn tó fún Gẹ̀ẹ́sì. Ṣùgbọ́n àmì orí Ọ ńlá gbọ́dọ̀ ga ju ti ọ kékeré lọ, ẹni tó ń to lẹ́tà lọ́kọ̀ọ̀kan kò sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Èyí tó burú jù ni ti lẹ́tà Lárúbáwá. Àjàmí tí àwọn málàámù Zaria ń kọ, tí lẹ́tà rẹ̀ ń so mọ́ra láti ọ̀tún wá sí òsì, níṣe ló ń jáde ní jíjákújàá, tí orí rẹ̀ á sì di ìdí.

Àwọn tó ń tọ́jú Matplotlib ti ṣe àtúnṣe díẹ̀díẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2017, ẹ̀dà 2.0 sọ DejaVu Sans di fọ́ǹtì ìpìlẹ̀, ó sì ní ẹ, ọ, ṣ àti àwọn lẹ́tà oníkọ́ nínú. Láti ẹ̀dà 3.6 ti 2022, bí lẹ́tà kan kò bá sí nínú fọ́ǹtì tí a yàn, a lè ní kí ó wá a nínú òmíràn, kí àpótí òfìfo lè dín kù. Iṣẹ́ kan wà nínú wọn tó wúwo jù: láti fi libraqm ṣe ìtòlẹ́sẹẹsẹ ọ̀rọ̀, kí àmì lè mọ ibi tí yóò jókòó sí, kí lẹ́tà Lárúbáwá sì so. Àtúnṣe kan náà ni Yorùbá àti Àjàmí jọ nílò.

Kí ló mú un pẹ́? Àwòrán ìdánwò ni. Wọ́n ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ àwòrán tí wọ́n ti fọwọ́ sí, bí atẹ̀wé ṣe ń tọ́jú ojú ewé tó ti yẹ̀ wò. Bí ẹnì kan bá fi ọwọ́ kan kóòdù, kọ̀ǹpútà á tún àwọn àwòrán náà yà, á sì fi tuntun wé ti àtijọ́. Bí lẹ́tà bá sún bíńtín, ìdánwò kùnà. Nítorí èyí ni wọ́n ṣe dì mọ́ FreeType 2.6.1, irinṣẹ́ ayàlẹ́tà tó jáde ní 2015, fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹni tó bá yí ìtòlẹ́sẹẹsẹ ọ̀rọ̀ padà ń yí àwòrán púpọ̀ padà lẹ́ẹ̀kan náà, ènìyàn ló sì gbọ́dọ̀ wò ó bóyá ìyípadà náà dára. Kọ̀ǹpútà lè sọ pé àmì ti sún. Kò lè sọ pé Ọ̀ báyìí kò ṣeé kà. Gaskiya ní irú ẹni bẹ́ẹ̀ nínú ilé. Ilẹ̀kùn Matplotlib náà ṣí sílẹ̀: kóòdù kúkúrú, àwòrán tó bàjẹ́, nọ́ńbà ẹ̀dà tí a lò àti àlàyé bí ó ṣe yẹ kó rí ti tó láti fi gbé ẹjọ́ lọ. A gbà pé iṣẹ́ ẹ̀ka èdè ni èyí, kì í ṣe ti ẹ̀ka kọ̀ǹpútà nìkan.

Ní báyìí ná, a ń sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa kí wọ́n fi unicodedata.normalize ti Python sọ ọ̀nà ìtẹ̀ àwọn ọ̀rọ̀ di ọ̀kan kí wọ́n tó kà wọ́n, kí wọ́n sì tọ́jú àwòrán bí SVG, pẹ̀lú svg.fonttype ní ipò 'none'. Báyìí, Matplotlib kò ní ya lẹ́tà fúnra rẹ̀. Á fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ bí ọ̀rọ̀, ètò tí a fi ń wo íntánẹ́ẹ̀tì ni yóò gbé àmì sórí ọkọ́ àti ọkọ̀.