Ohun tí Òkú Kòkòrò Fi Lé Alààyè Lọ́wọ́

Olùkọ́ èdè ni mí. Bí mo bá ń sọ̀rọ̀ kòkòrò àìfojúrí lónìí, kí ó má yà yín lẹ́nu. Ọ̀rọ̀ àkọsílẹ̀ náà ni.

Ní ọdún 1928, Frederick Griffith, dókítà kan ní Lọ́ńdọ̀nù, tẹ ìwádìí rẹ̀ jáde lórí kòkòrò tí ń fa àrùn òtútù àyà. Oríṣi méjì ni ó lò. Ọ̀kan wọ ẹ̀wù dídán, ó sì ń pa eku. Èkejì kò lẹ́wù, kò sì lè pa eku. Griffith fi ooru pa aṣekúpani náà, òkú rẹ̀ kò sì lè ṣe eku ní nǹkan kan. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó da òkú yìí pọ̀ mọ́ alààyè tí kò lẹ́wù, tí ó sì fi gún eku lábẹ́rẹ́, eku kú. Kòkòrò alààyè tó wọ ẹ̀wù ni ó bá nínú ẹ̀jẹ̀ wọn. Àwọn ọmọ rẹ̀ pàápàá wọ ẹ̀wù. Kí ni òkú fi lé alààyè lọ́wọ́?

Griffith kò gbọ́ ìdáhùn. Bọ́ǹbù ogun pa á ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1941. Ní 1944 ni Oswald Avery, Colin MacLeod àti Maclyn McCarty fèsì láti New York. Wọ́n ba purotéènì inú òkú náà jẹ́, iṣẹ́ rẹ̀ kò yẹ̀. Wọ́n ba DNA rẹ̀ jẹ́, iṣẹ́ parí. DNA ni ìwé náà. Lẹ́tà mẹ́rin péré ni a fi kọ ọ́: A, T, G àti C. Títò wọn ni ó ń gbé ìtumọ̀, bí lẹ́tà mẹ́ta kan náà ṣe ń di ‘ọba’ tàbí ‘àbọ̀’, bí a bá yọ ti ohùn sílẹ̀.

Òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé purotéènì nìkan ló tó irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ṣe. Avery kú ní 1955 láìgba ẹ̀bùn Nobel.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ìtàn àtijọ́ lásán. Ọ̀nà kan náà ni kòkòrò òtútù àyà fi ń gba ẹ̀kọ́ bí a ti ń borí pẹnisilíìnì lọ́wọ́ ara wọn. Nítorí náà, ẹni tó bá ń lo irú oògùn bẹ́ẹ̀ láìnídìí, kí ó rántí pé kòkòrò tó bá yè é yóò fi ìwé sílẹ̀ fún ẹlòmíràn kà.