Abẹ Lójú Ọmọ: Láti Ọwọ́ Olóòlà dé Yàrá Iṣẹ́ Abẹ

Kí ilé ìwòsàn tó dé Ìbàdàn, olóòlà ni a mọ̀ mọ́ fífi abẹ kan ojú ọmọ ènìyàn. Láti nǹkan bí ọdún 1829 tí àwọn jagunjagun Ọ̀yọ́, Ifẹ̀, Ìjẹ̀bú àti Ẹ̀gbá ti fìdí kalẹ̀ sí agbègbè Òkè Màpó àti Ọjà'ba, ilà wúlò fún ìlú tí ogun ń kó ènìyàn wọ̀, tí ogun sì ń kó ènìyàn jáde nínú rẹ̀. Bí ènìyàn bá sọnù, àbàjà ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ sọ ibi tí ó ti wá. Ẹwà náà kò gbẹ́yìn. Ta ni kò mọ iyì pélé lójú arẹwà obìnrin? Ṣùgbọ́n ọmọ ọwọ́ tí a dì mú, tí a fi omi ìgbín tu ojú ọgbẹ́ rẹ̀ lára, ẹnikẹ́ni kò bi í léèrè.

Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ni ààyè ilà. Ní ti ìpéǹpéjú, tìróò ni a fi ń ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́. Níbòmíràn, abẹ ti débẹ̀ tipẹ́: ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn, Al-Zahrawi, oníṣègùn ìlú Córdoba ní Sípéènì, ti kọ̀wé lórí gígé awọ ìpéǹpéjú tó rọ̀ bo ojú. Ní Ìbàdàn, Adéọ̀yọ́ ní Yemẹtu ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn òyìnbó ti kọ́kọ́ kọ́ṣẹ́ lẹ́yìn ọdún 1948, kí a tó ṣí UCH ní ọjọ́ 20 oṣù Kọkànlá, ọdún 1957.

Iṣẹ́ abẹ ìpéǹpéjú kì í ṣe oríṣi kan. Awọ àgbàlagbà a máa dẹ̀, dókítà a sì gé èyí tó pọ̀ jù lójú ìlà tí ìpéǹpéjú fi ń ká, kí àpá má baà hàn. Ẹni tó bá ṣe èyí nítorí ẹwà, owó rẹ̀ ni, ojú rẹ̀ sì ni. Bí iṣan tó ń gbé ìpéǹpéjú sókè ni kò lágbára, gígé awọ kò ràn án. Iṣan náà ni a ó fún.

Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ìjọba àpapọ̀ ní ọdún 2003, àti ti Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ní 2006, ti ka ilà kíkọ fún ọmọ léèwọ̀. Ó dára bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ẹni tó bá sọ pé kí a jẹ́ kí ọmọ dàgbà kó fúnra rẹ̀ yàn, ilà ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá mu. Ọmọ tí a bí pẹ̀lú ìpéǹpéjú tó bo ẹyinjú kò ní àkókò yẹn. Ọpọlọ rẹ̀ kò ní kọ́ bí a ṣe ń fi ojú náà ríran. Bí ó bá di ọmọ ogún ọdún kí a tó gbé e sókè, ojú yóò là, ṣùgbọ́n ó lè má ríran dáadáa mọ́.